Bárakú àti Orin: Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Olórin Rọ́ọ̀kì

 

Bí a bá pe olùkọ́ èdè Yorùbá pé kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí orin, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń retí ni rárà, ìjálá, ẹkún ìyàwó, tàbí, bí ó bá pọ̀ jù, àpàlà àti jùjú. Orin rọ́ọ̀kì ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan ará Ọ̀jọ́ nínú orin tí a fi gìtá oníná kọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù fún mi. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ tiwa gan-an ni mo ń bá wí.

Ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà sọ̀rọ̀ nípa olórin àti oògùn olóró. Àwọn kan gbà pé oògùn ni ó ń la ojú inú olórin, pé bí kò bá fi èéfín kún àyà, orin rẹ̀ kò ní í dùn dé ọkàn. Àwọn mìíràn gbà pé orin fúnra rẹ̀ ni ìwòsàn, pé bí ẹni tí ó ṣubú bá ti tún lè gbé gìtá rẹ̀, ó ti là. Èmi kò gba ti àwọn ti ìṣáájú rárá, n kò sì gba ti àwọn ti ìkejì tán. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé orin nìkan kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ oògùn olóró, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin tí ó bá mọ ohun tí òun ń ṣe lè jẹ́ ibi tí ẹni tí a ti tọ́jú yóò gbé fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

1. Ọ̀rọ̀ náà, bárakú

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí heroin tó dé etí òkun Èkó ni Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí à ń wí yìí. Bárakú ni a ń pè é. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó bá bá, ara àti kú nínú rẹ̀: ohun tí ó bá ara kú, ohun tí ó wọ inú ẹni tí kò sì fẹ́ jáde mọ́ títí di ọjọ́ ikú. A ń lò ó fún àìsàn: a ní ikọ́ fée ti di bárakú fún ẹnìkan. A sì ń lò ó fún ìwà: a ní ọtí ti di bárakú fún lágbájá, tàbí pé tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún un.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé ọlọ́gbọ́n ni àwọn baba wa tí ó fi orúkọ kan náà pe ikọ́ fée àti ọtí àmujù. Wọn kò to ẹni tí ọtí dè mọ́ àwọn olè. Wọ́n tò ó mọ́ àwọn aláìsàn. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti wá bá wọn níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti fi yé wa pé heroin àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí ìtura àti ìdùnnú ti ń wá nínú ọpọlọ. Bí ó bá pẹ́, ọpọlọ kò ní í lè dá ìtura ṣe fún ara rẹ̀ mọ́. Bí oògùn kò bá wọlé lásìkò, ara yóò máa gbọ̀n, imú yóò máa ṣomi, inú yóò máa lọ́, oorun yóò sì kọ̀ láti wá. Ẹni tí ó dé ibi báyìí kì í wá fàájì mọ́. Ìdẹ̀ra ni ó ń wá kiri. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìbáwí nìkan kì í fi í ràn án.

Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ó ní títí dé ikú. Bí a bá sọ fún ọmọ ogún ọdún pé ohun tí ń ṣe é ti di bárakú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a ti sọ fún un pé kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú láti jáwọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ń bá ìdajì ọ̀rọ̀ náà jiyàn.

Ìjọba kò bá àwọn baba wa lọ ní ọ̀nà yìí. Òfin igbó tí ìjọba ológun ṣe ní 1966 le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá gbin igbó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ní 1984, òfin tí a ń pè ní Decree 20 tún dá ikú fún àwọn tí ń ṣòwò oògùn olóró, a sì yìnbọn pa àwọn ènìyàn lábẹ́ òfin yẹn ní 1985. Ní 1989 ni a dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ojú ìjọba ń wò jù. Ẹrù ìtọ́jú wà lórí ilé ìwòsàn ọpọlọ bí ti Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1907, àti ti Aró ní Abẹ́òkúta, tí Adéoyè Lámbò sọ di olókìkí ní àárín ọ̀rúndún ogún.

2. Bí rọ́ọ̀kì ṣe gbilẹ̀ ní Èkó

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń wá ohùn tuntun. Wọ́n ti gbọ́ Jimi Hendrix, wọ́n ti gbọ́ James Brown, wọ́n sì mọ ìlù tí a bí wọn bá. Láti inú àdàlú yìí ni àwọn ẹgbẹ́ bíi MonoMono ti Joni Haastrup, BLO, The Funkees àti Ofege ti jáde. Ọmọ ilé ìwé St. Gregory ní Èkó ni àwọn Ofege nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́, Try and Love, jáde ní 1973. Ní ọdún kan náà ni BLO gbé Chapter One jáde. Ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n: Berkley Jones lórí gìtá, Láolú Akins lórí ìlù, àti Mike Odumosu lórí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ olórin nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí títí di òní, iṣẹ́ òru ni. Olórin a sùn nígbà tí ẹlòmíràn bá jí. A dúró fún wákàtí mẹ́ta kí iná tó dé, a ṣeré fún wákàtí mẹ́rin, ìhó ayọ̀ a sì mú ara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà ni yàrá òtẹ́ẹ̀lì a dákẹ́ rọ́rọ́, ara kò sì ní í fẹ́ rọlẹ̀. Ẹni tí yóò fún un ní ohun tí yóò jẹ́ kí ó jí, àti ẹni tí yóò fún un ní ohun tí yóò jẹ́ kí ó sùn, wọn kì í jìnnà sí ẹ̀yìn ìtàgé. Àwọn tí ó sọ pé oògùn ni ó ń bí orin kò ronú dé ibi tí ìṣòro wà. Bí a ti ṣètò iṣẹ́ náà ni ó ń sọ olórin di ìjẹ fún oògùn.

3. Fela: ìdàrúdàpọ̀ tí ó di orin

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ìdàrúdàpọ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin Èkó kí a má mẹ́nu ba Fela Aníkúlápó-Kútì. Afrobeat ni òun ń kọ, ṣùgbọ́n òun àti àwọn onírọ́ọ̀kì ń gbé inú ilé kan náà. Fela kò fi igbó pamọ́. Gbangba ni ó ń mu ún. Ní 1974 àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé rẹ̀ nítorí igbó, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nígbà tí ó jáde, ó fi ohun tí ojú rẹ̀ rí kọ Alagbon Close, ó sì fi ìyókù kọ Expensive Shit ní 1975. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé 1977, àwọn ọmọ ogun sun ilé rẹ̀, Kalakuta, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní oṣù Igbe 1978. Láti inú ọ̀fọ̀ yẹn ni Unknown Soldier àti Coffin for Head of State ti jáde.

Ìhà kan nínú ìtàn yìí ni gbogbo ayé ń sọ: pé orin sọ ìyà di ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà tí a kì í fẹ́ sọ. Orin kò so ẹgbẹ́ náà pọ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò wọn sí Berlin ní 1978, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Africa 70 fi Fela sílẹ̀, Tony Allen tí ó jẹ́ òpó ìlù wọn sì wà lára àwọn tí ó lọ. Fela ní láti kó ẹgbẹ́ mìíràn jọ, èyí tí ó pè ní Egypt 80. Èyí fi hàn wá pé orin lè sọ ìrora ẹgbẹ́ jáde fún gbogbo ayé gbọ́, kí ìrora náà sì máa jẹ àwọn tí ń kọ ọ́ ní inú. Sísọ nǹkan jáde àti wíwo nǹkan sàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

4. Ginger Baker: ẹni tí ó wá ìlù wá sí Èkó

Ní 1971, onílù ará Lọ́ńdọ̀nù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ginger Baker wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà. Tony Palmer fi ìrìn àjò náà ṣe fíìmù. Baker ti lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream láti 1966 títí di 1968, ó sì ti di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn onílù rọ́ọ̀kì lágbàáyé. Heroin sì ti dè é kí Cream tó bẹ̀rẹ̀. Phil Seamen, ọ̀gá onílù tí ó jẹ́ kí ó gbọ́ ìlù Áfíríkà láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù, heroin ti di bárakú fún òun náà, ó sì kú ní 1972.

Baker bá Fela ṣeré, wọ́n sì gbé àwo kan jáde pọ̀ ní 1971. Ó kó Berkley Jones, Láolú Akins àti àwọn ìbejì Lijadu mọ́ra nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Salt ní 1972. Ó kọ́ ilé ìgborinsílẹ̀ kan, ARC, sí Ìkejà, níbi tí Paul McCartney ti gba orin kan sílẹ̀ ní 1973 nígbà tí ó ń ṣe àwo Band on the Run. Ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú ìyókù. Gbogbo ohun tí onílù lè fẹ́ ni Baker rí ní Èkó: àwọn ọ̀gá ìlù, àwọn èrò tí etí wọn gbọ́ ìlù, àti ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Bí orin nìkan bá ń wo bárakú sàn, Èkó ni ìbá ti wo Baker sàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní àárín ọdún 1970 sí 1980, oògùn náà kò sì tíì tú u sílẹ̀.

Níbo ni ó ti rí ìtúsílẹ̀? Ní oko ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ó lọ gbé ní abúlé kan ní Ítálì, ó ń gbin igi ólífì, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn, níbi tí kò sí ẹni tí ń tà á fún un, tí kò sì sí ìtàgé. Ibẹ̀ ni ó ti jáwọ́ nínú heroin. Lẹ́yìn náà ni ó tún padà sídìí ìlù, tí ó sì gbé àwo Horses and Trees jáde ní 1986. Ó tún lo ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún láyé. Ní 2019 ni ó kú, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti tò: oko kọ́kọ́ dé, ìlù wá tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá yí i po yóò ṣi ìtàn náà kà.

5. Ẹgbẹ́ tí ó jọ wọ ilé ìtọ́jú: Aerosmith

Nínú gbogbo ìtàn rọ́ọ̀kì, mo rò pé ti Aerosmith ni ó sún mọ́ ohun tí à ń wá jù. Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Toys in the Attic tí wọ́n gbé jáde ní 1975 àti Rocks ní 1976 sọ wọ́n di ọlọ́lá. Owó dé, oògùn sì bá a dé. Ìlò oògùn Steven Tyler, akọrin wọn, àti Joe Perry, onígìtá wọn, pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n ní ìbejì olóró. Perry bínú kúrò ní 1979, onígìtá kejì sì tẹ̀ lé e ní 1981. Àwọn méjèèjì padà ní 1984, wọ́n sì gbé àwo kan jáde ní 1985. Àwo náà kò lọ dé ibi tí a rò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ọmọ ẹgbẹ́ ti padà, ṣùgbọ́n oògùn kò tíì lọ.

Ní 1986 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Olùdarí wọn àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù pe Tyler jókòó, wọ́n sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún un, ó sì wọ ilé ìtọ́jú. Àwọn yòókù náà tọ́jú ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ojú wọn ti mọ́lẹ̀ tán ni wọ́n gbé Permanent Vacation jáde ní 1987 àti Pump ní 1989. Iyì tí àwọn àwo wọ̀nyí mú wá ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ní oògùn ni ó ń bí orin, kí ó wá ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Ẹ̀kọ́ ńlá tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ẹnìkan nínú wọn bá wọ ilé ìtọ́jú, tí ó sì padà wá bá mẹ́rin tí ó ṣì ń fa á, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò lò? Ẹgbẹ́ kan náà tí ó jẹ́ pàkúté ni ó di odi. Ṣùgbọ́n odi náà ń fẹ́ àtúnṣe lójoojúmọ́. Ní 2022, nígbà tí Tyler ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó tún ní láti padà sí ilé ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí a ṣe fún ẹsẹ̀ rẹ̀ àti oògùn ìrora tí ó lò. Ẹgbẹ́ náà dá àwọn eré kan dúró, wọ́n sì fi gbangba sọ ìdí rẹ̀. Àìsàn náà lè sùn, kí ó má kú. Kì í ṣe ìtìjú fún ẹni tí ó tún ní láti wá ìtọ́jú.

6. Májẹ̀k Fashek

Mo wá padà sílé. Ìlú Benin ni a ti bí Majek Fashek. Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀. Ẹgbẹ́ Jah Stix ni ó wà kí ó tó dá dúró, tí ó sì pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Prisoner of Conscience. Régè ni gbogbo ènìyàn ń pe orin rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ gìtá rẹ̀ yóò mọ̀ pé Hendrix ti bá a sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ pe àdàlú náà ní kpangolo. Ní 1988, Send Down the Rain mú kí àwọn ènìyàn máa pè é ní ẹni tí ń pe òjò. Ní 1989 ẹgbẹ́ àwọn olórin Nàìjíríà, PMAN, fún un ní àmì ẹ̀yẹ mẹ́fà. Ní 1991 ilé iṣẹ́ Interscope ní Amẹ́ríkà gbé Spirit of Love jáde fún un.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, ẹ ti gbọ́ ọ. Oògùn dè é. Ní 2015 ó jáde sí gbangba, ó ní òun ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, a sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Àbújá. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn ńlá ní ilẹ̀ wa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú ayé. A máa ń fi irú rẹ̀ pamọ́ sí àárín ẹbí, a máa ń sọ pé ayé ni ó ṣe é, tàbí pé ará ilé ni ó fi epe sí i. Májẹ̀k sọ ọ́. Ó jáde kúrò níbẹ̀, ó tún gun orí ìtàgé, àwọn ènìyàn sì hó fún un. Àìsàn tún dá a wólẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2019, ó sì kú ní New York ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù 2020.

Àwọn kan sọ pé ó ṣẹ́gun, àwọn kan sọ pé ó kùnà. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé ní Boston, ẹgbẹ́ ni ó wọ ilé ìtọ́jú. Ní Àbújá, ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Àwọn tí wọ́n jọ gbé Prisoner of Conscience kalẹ̀ ní 1988 kọ́ ni wọ́n jókòó yí i ká ní 2015. Ìlú hó fún un nígbà tí ó padà, ṣùgbọ́n ìhó kì í ṣe ẹgbẹ́. Èrò a máa hó, a sì máa lọ sílé; ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pé ìdánrawò ti tó.

7. Ohun tí orin lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ jọ. Orin kò lè mú ìnira ìjáwọ́ kúrò lára. Iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni. Orin kò lè yọ ènìyàn kúrò láàárín àwọn tí ń tà á fún un. Ìpinnu àti ìyípadà ibùgbé ni ó ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àwọn wọ̀nyí bá ti wáyé, nǹkan mẹ́ta wà tí orin lè ṣe ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ.

Orin ń kọ́ni ní àsìkò. Ẹ wo agbo dùndún. Ìyá ìlù lè fọhùn, ó lè kọrin ewì, ó lè bú ni. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹni tí ó ń lu gúdúgúdú kò ní àyè láti lọ fa nǹkan kí ó tó padà wá. Ẹni tí bárakú dè, oògùn ni ó ń ka agogo fún un; ìlù a gba agogo náà lọ́wọ́ oògùn.

Orin ń fún ènìyàn ní àyè tí ẹlòmíràn kò lè dí. Nínú ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́ta bíi BLO, bí ẹnìkan kò bá wá, orin kò sí. Ohun tí ó sábà máa ń pa ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ ni èrò pé kò sí ibi tí a ti ń retí òun.

Ẹ̀kẹta, orin ń jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹnu kò gbà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè bá baba rẹ̀ sọ, yóò fi kọrin, baba náà yóò sì gbọ́.

8. Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

Ibi tí a jókòó sí yìí kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ìwádìí tí àjọ UNODC ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, fi hàn pé bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ga jù: 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni mẹ́ta bá jókòó, ẹnìkan wà níbẹ̀. Ní 2018 kan náà ni ìjọba fòfin de omi oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú, tí àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí Science Student tí Olamide kọ, tí àjọ tí ń darí ilé iṣẹ́ rédíò ní kò yẹ kí a máa gbé sáfẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá olórin jà fún oṣù púpọ̀. Mélòó nínú wọn ni ó béèrè iye ibùsùn tí ó wà fún àwọn tí orin náà ń dárúkọ ohun tí wọ́n ń mu?

Ẹ gba Ìyànà-Ìbà lọ sí Òkókómáíkò ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn tí ń ta páràgà fún awakọ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́, fún oníṣẹ́ ọwọ́. Igo ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Tramadol àti colorado a máa tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1983 kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ní agbègbè kan náà yìí ni ọjà Alábà wà, níbi tí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń wá ra gbohùngbohùn àti ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè. Kò sí ibi tí ó rọrùn tó báyìí láti kó ohun èlò ẹgbẹ́ olórin jọ. Ọjà kan náà ni a mọ̀ tipẹ́ fún títà àwo ayédèrú, èyí tí ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn olórin. Olórin tí a jí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí owó ìtọ́jú nígbà tí ó bá ṣubú. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ wà níbí, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Mo ń bẹ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogbo pé, bí a bá ká oògùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí ọ̀dọ̀ dókítà àti agbaninímọ̀ràn ṣáájú ìwé ìlélọ. Ọmọ tí a lé, ìsọ̀ páràgà ni a lé e lọ. Mo ń bẹ àwọn ìjọ, àwọn mọ́ṣáláṣí àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ní ohun èlò orin pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ilé ìtọ́jú dé. Ìlànà méjì péré ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò: kí ẹnikẹ́ni má mú nǹkan wá síbi ìdánrawò, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá tún ṣubú, kí a dá eré dúró kí a sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn, bí àwọn ti Boston ti ṣe, kí a má wá ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan fún àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa. A ti ń pe àwọn ọmọ yìí ní ọmọ ìta, ní wèrè igbó, ní ẹni tí ayé rẹ̀ ti bàjẹ́. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ìwọ̀nyí lọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí bárakú, tí ó ka ènìyàn sí aláìsàn. Ṣùgbọ́n kí àwa olùkọ́, àwa òǹkọ̀wé, àwa akọrin, jọ wá ọ̀rọ̀ kejì tí a ó fi so mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tí yóò dúró fún ẹni tí ó ní bárakú tí ó sì ń jáwọ́ lójoojúmọ́. N kò tíì gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé láti ẹnu ọmọ tí ń lu ìlù ní Òkókómáíkò ni yóò ti jáde. Bí ó bá sọ ọ́, kí ó bá wa ní ibi tí a ti ń gbọ́.